Ẹ̀yà ọkọ̀ l'Abossey Okai, àwòrán 'Tutu' nínú pálọ̀: Ta ló ń béèrè bóyá ojúlówó ni tàbí ẹ̀dà?

Abossey Okai kì í ṣe àdúgbò tí ènìyàn ń gbà kọjá láìgbọ́ ariwo. Apá ìwọ̀-oòrùn ìlú Accra ló wà, kò jìnnà sí Kaneshie, ó sì fẹ̀gbẹ́ kan ti Sabon Zongo. Bí ẹnikẹ́ni nílùú náà bá ń wá ẹ̀yà ọkọ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò júwe fún un. Ìsọ̀ fara ti ìsọ̀: ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ jàńtìrẹrẹ, wọ́n to iná iwájú ọkọ̀ bí ẹni to abọ́ ìyàwó, wọ́n sì fi bẹ́líìtì kọ́ ara ògiri bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá ti ṣòwò ọkọ̀ dé Cotonou, Lomé àti Accra kò ní ṣàìmọ Abossey Okai, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbé Èkó kò ṣe lè sọ pé òun kò gbọ́ orúkọ Ládípọ̀ ní Mushin rí, tàbí kí ará Ìbàdàn ní òun kò mọ Gate.

Ohun kan wà tí oníbàárà kì í fi ṣeré lọ́jà náà. Kò ní tọwọ́ bọ àpò láìbéèrè. Ṣé ojúlówó ni, àbí ẹ̀dà? Ṣé tuntun ni, àbí èyí tí wọ́n ti lò lókè òkun, tí àwọn ará Ghana ń pè ní 'home used', tí àwa ń pè ní tòkunbọ̀? Bí ẹni náà kò bá mọ̀ ọ́n wò, yóò mú mẹkáníìkì dání. Mẹkáníìkì yóò gbé e lọ́wọ́ láti fi mọ bó ṣe wúwo tó, yóò wo nọ́ḿbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin, yóò wo bí wọ́n ṣe kọ lẹ́tà ara páálí rẹ̀. Ẹ̀dà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Bí oníṣòwò bá sọ pé ẹ̀dà ni, tó sì gba owó ẹ̀dà, ìjà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá gba owó ojúlówó lórí ẹ̀dà ni wọ́n ń wọ́ lẹ́wù, nítorí búrẹ́kì ayédèrú kì í mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ tálákà.

Ẹ wá wo oníbàárà kan náà nígbà tó bá fẹ́ ṣe pálọ̀ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ó rí àwòrán kan nínú férémù aláwọ̀ wúrà, lójú títì tàbí nínú ilé ìtajà ńlá. Ó wù ú. Ó ná an, ó sanwó, ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ilé. Kò béèrè ẹni tó yà á. Kò béèrè bóyá ọ̀dà ni wọ́n fi yà á ni tàbí ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò béèrè bóyá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni iṣẹ́. Ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n fi púlọ́ọ̀gì kékeré rẹ́ òun jẹ lówùúrọ̀, òun náà ló san owó gọbọi lálẹ́ lórí bébà tí oòrùn yóò pa láwọ̀ dà láàárín ọdún méjì.

Fún ọmọ Yorùbá, kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn tó inú ìtàn àwòrán tí wọ́n ń pè ní 'Tutu'.

Ben Enwonwu ló yà á. Ọmọ Onitsha ni, ọdún 1917 ni wọ́n bí i. Ó kàwé iṣẹ́ ọnà ní ìlú Ọba, ní Goldsmiths, ní Oxford àti ní ilé ẹ̀kọ́ Slade ní London. Òun ló gbẹ́ ère Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ní àwọn ọdún 1950, èyí tó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá kárí ayé. Nígbà tí àwọn kan ń sọ pé ohun ìgbàanì nìkan ni ọnà aláwọ̀ dúdú, Enwonwu wà lára àwọn tó fi hàn pé a lè lo ọgbọ́n ìyàwòrán òde òní, kí a sì fi sọ̀rọ̀ ilé wa.

Ní 1971, ọdún kan lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1975. Ibẹ̀ ló ti pàdé ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Adétutù Adémilúyì, ọmọ ọmọ Ọọ̀ni kan tó ti wàjà. Ẹwà rẹ̀ mú ayàwòrán náà lójú. Kò kàn gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ó lọ bá àwọn òbí ọmọ náà, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn gẹ́gẹ́ bó ti yẹ nílùú aládé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ya ọmọ yìí láàárín 1973 sí 1974. Ọmọ Igbo ló ya ọmọ aládé Ifẹ̀, nígbà tí ọgbẹ́ ogun kò tíì jinná. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rí àwòrán náà gẹ́gẹ́ bí àmì ìrẹ́pọ̀, tó ju ẹwà obìnrin kan lọ.

Wọ́n tẹ ẹ̀dà rẹ̀ sórí bébà. Láàárín àwọn ọdún 1970 náà ló gba ìgboro kan. Ènìyàn tí kò wọ ilé ìkó-ọnà-sí rí láyé rẹ̀ gbé Tutu kọ́ pálọ̀: ọrùn gígùn, ojú tó yí díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé wọ́n pè é láti ẹ̀yìn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó jọ ti ẹni tó mọ ilé tí wọ́n bí òun sí. Àwọn ọmọ dàgbà sábẹ́ àwòrán náà láìmọ orúkọ ẹni tó yà á. Àwọn kan wá ń pè é ní 'Mona Lisa' ilẹ̀ Áfíríkà, orúkọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ bá a mu, nítorí ọmọ Ifẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní ti ẹlòmíràn.

Àmọ́ níbo ni ojúlówó wà? Enwonwu kú ní oṣù kejì ọdún 1994. Tutu kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò fẹ́ kí ó kúrò lójú òun. Ọdún 1994 yẹn kan náà ni olè gbé e lọ. Àwọn méjì tó kù, kò sí ẹni tó lè nàka sí ibi tí wọ́n wà. Fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí Tutu mìíràn tí ará ìlú lè rí yàtọ̀ sí ẹ̀dà tí ẹ̀rọ tẹ̀. Olè gbé kánfáàsì, kò rí ojú ọmọ náà gbé, nítorí ojú náà ti wà lára ògiri káàkiri.

Ní ìparí 2017 ni ìròyìn tuntun jáde. Ìdílé kan tó ń gbé fúláàtì kékeré ní àríwá London pe òṣìṣẹ́ ilé gbàǹjo Bonhams kan, Giles Peppiatt, pé kó wá bá àwọn wo àwòrán tó wà nílé àwọn. Wọn kò mọ iye tó tó. Nígbà tó wọlé, Tutu tí Enwonwu yà ní 1974 ló bá lára ògiri. Ní ọjọ́ 28, oṣù kejì, ọdún 2018, wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní London, wọ́n sì ń fi bó ṣe ń lọ han àwọn tó péjọ l'Ékòó lójú ẹsẹ̀. Àwọn olùdíyelé ti fojú bù ú sí ₤200,000 sí ₤300,000. Ó parí sí ₤1,205,000. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2019, obìnrin mìíràn tí Enwonwu yà ní 1971, èyí tó ń jẹ́ 'Christine', tún tà ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn nílé gbàǹjo Sotheby's.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tó ń ra àwòrán onífèrémù nìyí. Bí ojúlówó bá ti di ohun mílíọ̀nù, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ ní ẹ̀dà. Bí gbogbo ènìyàn bá sì ti fẹ́ ẹ, ayédèrú kò ní pẹ́ dé.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fojú tín-ín-rín ẹ̀dà pátápátá. Wọ́n ní bí o kò bá lówó kánfáàsì, kí o fi ògiri rẹ sílẹ̀ lásán. Ọ̀rọ̀ olówó ni. Bí kò bá sí ẹ̀dà, ta ni ì bá mọ Adétutù láàárín àwọn òṣìṣẹ́, olùkọ́ àti oníṣòwò ilẹ̀ yìí? Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn ra àwòrán tí ẹ̀rọ tẹ̀, kó sì fi férémù tó dára sí i. Ohun tó burú ni kí ó san owó ohun tí kì í ṣe ohun tó rà.

Orúkọ kan ṣoṣo ni ọjà fún oríṣiríṣi nǹkan. Àwọn iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ wọ́n, síbẹ̀ ojúlówó ni wọ́n. Ẹ wo Bruce Onobrakpeya, tí wọ́n bí ní Agbarha-Otor ní 1932, tó wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Zaria ní 1958. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń gbẹ́ ohun tó ń fi tẹ àwòrán, bí ẹni gbẹ́ igi tàbí bí ẹni fín irin, yóò wá fi íńkì kùn ún, yóò tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní ìwọ̀nba. Òun náà ló ya àwòrán inú ìwé Fágúnwà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Bébà tó bá tọwọ́ Onobrakpeya jáde báyìí kì í ṣe ẹ̀dà ohunkóhun, nítorí kò sí kánfáàsì kankan níbì kan tí wọ́n ti yàwòrán rẹ̀.

Ti Tutu yàtọ̀. Ọ̀dà ni wọ́n fi yà á, kámẹ́rà ló ká ojú rẹ̀, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Nínú irú èyí pàápàá, ó ní ìpele. Àwọn kan jẹ́ bébà ìgboro tí kò ní òǹkà, bí kàlẹ́ńdà. Àwọn mìíràn jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ ní iye kan pàtó. Bí ẹ bá rí 25/100 nísàlẹ̀ tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ, ìkarùndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, tí oníṣẹ́ bá sì ti fọwọ́ sí i nígbà ayé rẹ̀, owó rẹ̀ yóò gbéra. Ẹni tó kú ní 1994 kò lè fi pẹ́ńsùlù fọwọ́ sí bébà tí wọ́n tẹ̀ ní 2020. Ọ̀rọ̀ yìí kò le rárá, síbẹ̀ àwọn tó ń fi ìbuwọ́lùwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ àwòrán pọ̀ tàn ènìyàn jẹ kò níye.

Irú ìtẹ̀wé kan tún wà tí wọ́n ń pè ní giclée, orúkọ tí Jack Duganne, òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, fún un ní 1991. Ẹ̀rọ tó so mọ́ kọ̀ǹpútà ló ń fọ́n íńkì wínníwínní sórí bébà olówùú tàbí kánfáàsì. Bí íńkì àti bébà bá jẹ́ gidi, àwọ̀ rẹ̀ lè pẹ́ ju ẹni tó rà á lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà ni ọ̀bàyéjẹ́ fi ń tẹ àwòrán tó jí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, yóò wá sọ fún oníbàárà pé iṣẹ́ ńlá ni. Orúkọ Faransé kì í sọ bébà di ojúlówó.

Mẹkáníìkì kò sí tí ènìyàn lè mú dání lọ ra àwòrán, àmọ́ ojú rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ náà. Kí ó mú awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, irú èyí tí àwọn aláago ń lò. Bí ó bá rí èékán àwọ̀ kéékèèké, pupa, búlúù, yẹ́lò àti dúdú, tí wọ́n to ara wọn yípo bí òdòdó, ìtẹ̀wé ìgboro ni, irú tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn. Kí ó tẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀gbẹ́ lójú ìmọ́lẹ̀. Ọ̀dà gidi máa ń ga níbì kan, á sì rọlẹ̀ níbòmíràn, nítorí búrọ́ọ̀ṣì gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ẹlẹ́tàn mọ èyí, wọ́n sì ti ń fi àtè tó mọ́ gaara kun orí kánfáàsì tí ẹ̀rọ tẹ̀, kí ó lè jọ ojú búrọ́ọ̀ṣì. Kí oníbàárà wo bóyá ibi tí àtè náà ga bá ibi tí àwọ̀ ti yí mu. Bí àtè bá ń lọ sápá ọ̀tún nígbà tí àwọ̀ ń lọ sápá òsì, ẹ̀tàn ti hàn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Férémù wá nìyẹn, èyí tó jẹ́ pé lára bébà ìgboro, òun gan-an ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó. Accra wà létí òkun bí Èkó. Atẹ́gùn iyọ̀ á jẹ ìṣó àti wáyà tí wọ́n fi kọ́ àwòrán, ọ̀rinrin á wọ inú gíláàsì, ọyẹ́ á tún mú eruku dé. Bí bébà bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ọjọ́ kan ni wọn yóò gbá ara wọn mú tí kò ní ṣeé yà mọ́. Kàfíńtà tó mọṣẹ́ yóò fi páálí tó nípọn yí etí bébà ká kí àyè lè wà láàárín òun àti gíláàsì. Kò ní fi gọ́ọ̀mù lẹ àwòrán mọ́ ẹ̀yìn. Yóò sì bo ẹ̀yìn férémù pinpin nítorí kòkòrò. Páálí yẹpẹrẹ, irú ti ẹ̀yà ọkọ̀ tó kún Abossey Okai bámúbámú, ló ń mú kí bébà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ewé gbígbẹ. Kí wọ́n má sì gbé e kọ́jú sí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Pupa ló sábà máa ń kọ́kọ́ sá lára íńkì yẹpẹrẹ, ìdí nìyí tí àwọn àwòrán àtijọ́ kan fi di búlúù ràndanràndan, tí ojú ènìyàn inú rẹ̀ dà bí ti aláìsàn.

Ṣé ẹni tó ra ojúlówó Tutu ní 2018 ló ni ẹ̀tọ́ láti máa tẹ ẹ̀dà rẹ̀ tà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Òfin kò wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra kánfáàsì ra kánfáàsì. Ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀dà wà lọ́wọ́ ayàwòrán àti àwọn tó jogún rẹ̀, àyàfi tí wọ́n bá fi ìwé gbé e fún ẹlòmíràn. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 fi ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ọdún tí oníṣẹ́ bá kú. Òfin Ghana ti ọdún 2005 náà wí bẹ́ẹ̀. Enwonwu kú ní 1994, nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì di ti gbogbo ayé títí ọdún 2064 yóò fi parí. Àjọ kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ Oliver Enwonwu dá sílẹ̀ ní 2003, wà tó ń bójú tó ohun tó fi sílẹ̀. Ẹni tó bá wa àwòrán náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó tẹ̀ ẹ́, tó sì fi férémù sí i tà lójú títì, oko olóko ló ń kórè. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá, ìbéèrè kan ṣoṣo tó láti fi dán an wò: ta ló fún ọ láṣẹ? Ẹni tó gbàṣẹ yóò fi ìwé hàn. Ẹni tí kò gbàṣẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

Fún ẹni tó bá ti parí òwò rẹ̀ l'Abossey Okai, tó ṣì ní wákàtí díẹ̀ kí ọkọ̀ Lomé tó gbéra, kò pọn dandan kó dúró de aláwòrán ojú títì. Ibùdó àṣà ìjọba wà láàárín ìlú, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Arts Centre. Àwòrán pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn, àmọ́ ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ná an, ẹni tí kò bá sì mọ ọjà ná yóò jẹ gbèsè. Ní apá ìlà-oòrùn ìlú, lójú ọ̀nà tó lọ láti Labadi sí Teshie, létí òkun, ni ilé àwòrán Artists Alliance wà. Ablade Glover ló dá a sílẹ̀, ọmọ Accra tí wọ́n bí ní 1934, tó ti jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Kumasi fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí Glover fẹ́ràn láti yà ni èrò: ọjà tó kún, ibùdókọ̀, àwọn obìnrin tó ń ṣòwò, bí ẹni pé ó dúró sórí òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ń wò wọ́n nísàlẹ̀. Ẹni tó ti Abossey Okai bọ̀ yóò mọ ibi tó ń wò. Àmọ́ ọ̀bẹ ló fi ń lẹ ọ̀dà, ó sì máa ń nípọn débi pé orí obìnrin kan nínú ọjà lè jẹ́ ìkòkò ọ̀dà kékeré kan tó gbẹ sójú kan. Èyí ni ẹ̀rọ kò lè tẹ̀. Nínú ẹ̀dà, àwọ̀ wà níbẹ̀, èrò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Tutu kò pàdánù tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀dà, nítorí ojú rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ti Glover pàdánù ìdajì. Nítorí náà, ẹni tó ní owó ẹ̀dà ńlá ti Glover nínú férémù aláwọ̀ wúrà, ó lè sàn fún un kó kúkú fi owó náà ra ojúlówó kékeré látọwọ́ ọ̀dọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ kò tíì dé London, kí onítọ̀hún sì fọwọ́ sí i níṣojú rẹ̀.

Yorùbá kì í ṣe àlejò ní Accra, wọn kò sì fi ọjọ́ kan gbàgbé ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní kí àwọn àjòjì tí kò níwèé ìgbélùú fi Ghana sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin ló di ẹrù ní wàràǹṣeṣà. Àwọn tó padà lọ lẹ́yìn náà àti àwọn ọmọ wọn ló wà nínú òwò ìlú náà lónìí, ilé tí wọ́n sì ń kọ́ síbẹ̀ nílò ohun tí wọn yóò fi kọ́ ògiri. Ọmọ aládé Ifẹ̀ kò ní burú níbẹ̀, bí wọ́n bá rà á lọ́wọ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ.

Ní ti àwọn Tutu méjì yòókù, wọn kò tíì yọjú nígbà tí wọ́n ta ti London ní 2018. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí olè gbé ní 1994. Ó ṣeé ṣe kí ó wà lára ògiri ẹnì kan, nínú férémù olówó pọ́ọ́kú, kí àwọn ará ilé náà sì máa rò pé bébà kàlẹ́ńdà ni.